Wọ́n ní irọ́ ni. Irọ́ èwo?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú oṣù kẹta ọdún 2018, awakọ̀ takisí ni mí ní Àbújá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ há mi mọ́ ojú títì, wọ́n ní mínísítà Amẹ́ríkà kan, Rex Tillerson, ló wá kí Ààrẹ Buhari. Lọ́jọ́ kejì, mò ń gbọ́ rédíò nínú ọkọ̀, wọ́n ní Trump ti yọ ọ́ níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, mo rántí pé kí ọdún 2017 tó parí làwọn oníròyìn ti ń sọ pé àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn yé mọ́, àwọn méjèèjì sì ní irọ́ ni. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti gbé e pé olórí orílẹ̀-èdè kan ń bá mínísítà rẹ̀ fa wàhálà, tí àwọn fúnra wọn ní kò sóhun tó jọ ọ́, n kì í mọ ẹni tí màá gbà gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní oníròyìn ló ń purọ́. Ta ló ń purọ́ gan-an? Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀? Kí ló dé tí ọ̀gá ò kàn ní lé ẹni tí wọn ò jọ rẹ́? Àti pé lọ́jọ́ tí wọ́n há mi mọ́ títì yẹn, ṣé mínísítà ṣì ni ọkùnrin náà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun. Ìbéèrè mẹ́rin lo kó wá, ìkẹrin ló dùn mọ́ mi jù. Jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ó lé lógún ọdún tí mo fi wà nídìí ìròyìn òṣèlú kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn máa ń tẹjú mọ́ ibi tí kò yẹ. Wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbé jáde, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́. Èmi kì í pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ ni mo máa ń fa àga mi sún mọ́ rédíò. Ẹni tó fẹ́ sẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní láti wá ọ̀nà yà á sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wà lórí ilẹ̀ níbi tó gbà kọjá.

Jẹ́ ká mú ti Tillerson tó o béèrè. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, 4 oṣù kẹwàá ọdún 2017, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde láàárọ̀. Ohun méjì ló wúwo nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni pé nínú oṣù keje ọdún yẹn, Tillerson ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, Igbákejì Ààrẹ, Mike Pence, ló bá a sọ̀rọ̀. Èkejì ni pé lẹ́yìn ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun wọn, lọ́jọ́ 20 oṣù keje, ó la ẹnu pe Trump ní òpònú. NBC ní òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ òpònú yìí ló sọ ọ́ fún àwọn. Wọn ò dárúkọ ìkankan nínú wọn.

Kò pẹ́ rárá, Tillerson ti dúró níwájú gbohùngbohùn ní iléeṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti la èèyàn lójú, torí mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà kì í sáré jáde wá fèsì sí àgbọ́sọ. Ó gbá ọ̀rọ̀ Pence dànù láìku ibì kan: ó ní Igbákejì Ààrẹ ò fìgbà kan rọ òun pé kí òun dúró, torí òun ò fìgbà kan rò ó pé òun máa lọ. Ó yin Trump, ó ní ọlọ́pọlọ pípé ni, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí kí òun tó gbaṣẹ́. Oníròyìn kan wá bi í bóyá lóòótọ́ ló pe ọ̀gá rẹ̀ ní òpònú. Ó ní òun ò ní í dá sí irú ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ bẹ́ẹ̀.

Dúró síbẹ̀ ná. Bí wọ́n bá sọ lónìí pé o bú bàbá ìyàwó rẹ níbi ìkómọ, tí o ò sì bú u, ṣé ohun tó o máa sọ ni pé "ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ nìyẹn, n ò dá sí i"? Igbe lo máa fi ta. "Èmi kẹ̀? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?" Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu rẹ̀ tó sẹ́ ọ̀rọ̀ Pence kanlẹ̀, kí ló mú ahọ́n rẹ̀ wúwo nígbà tó dórí òpònú? Ìgbà tó yá lọ́jọ́ náà ni agbẹnusọ rẹ̀, Heather Nauert, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta tó ní mínísítà ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn wá fọwọ́ kan irin búra, tó wá rán àbúrò rẹ̀ lọ.

Trump náà sẹ́ tiẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí Twitter pé ìròyìn òfégè ni ti NBC, ó sì sọ fáwọn oníròyìn ní Las Vegas lọ́jọ́ yẹn kan náà pé òun fọkàn tán Tillerson pátápátá. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ìwé ìròyìn Forbes fi gbé ọ̀rọ̀ míì tó sọ jáde. Ó ní lójú tòun irọ́ ni, àmọ́ bó bá jẹ́ pé Tillerson sọ ọ́ lóòótọ́, á jẹ́ pé káwọn méjèèjì lọ ṣe ìdánwò ọpọlọ nìyẹn, òun sì mọ ẹni tó máa borí. Wò ó, ẹni tó dá a lójú pé wọn ò bú òun kì í pe ẹnikẹ́ni síta pé ó yá, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyí. Mo ní kí wọ́n mú bébà méjì. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ìròyìn sọ sórí ọ̀kan, lẹ́yọ lẹ́yọ. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n sẹ́ sórí èkejì, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sẹ́ ẹ gẹ́lẹ́, láìbá a tún un ṣe. Kí wọ́n wá fi èyí bo tọ̀hún. Ohun tó bá ṣẹ́ kù tí nǹkan kan ò bò, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìwé ìròyìn bá ní Ààrẹ ò tíì fojú kan mínísítà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí mínísítà wá ní "bàbá mi ni Ààrẹ, kò sí aáwọ̀ kankan láàárín wa," ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. "Àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló wà nídìí ẹ̀" ńkọ́? Ìyẹn ò sẹ́ nǹkan kan rárá. Ẹni tó mú ìròyìn wá ló bú, ó fi ìròyìn náà sílẹ̀ lódindi.

Ẹ̀yà kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ìyìn tó pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1983 ni Nigel Lawson ti jẹ́ mínísítà ìṣúná fún Margaret Thatcher, olórí ìjọba wọn. Thatcher wá ní olùdámọ̀ràn kan, Alan Walters, tí èrò tiẹ̀ àti ti Lawson lórí owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jọra. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, ìwé ìròyìn Financial Times gbé ọ̀rọ̀ Walters jáde, níbi tó ti pe ètò tí wọ́n fi so owó àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pọ̀ ní ohun tí kò jiná. Ètò tí Lawson fẹ́ gan-an nìyẹn. Lawson ní kí Thatcher yọ Walters, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ òun á lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù náà, ó lọ. Walters náà lọ lọ́jọ́ yẹn kan náà, tó fi jẹ́ pé ìyá àgbà pàdánù àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kẹta, Thatcher jókòó níwájú Brian Walden lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ipò Lawson fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mì í. Walden bi í pé, bó bá jẹ́ pé ẹ yọ Walters ni, ṣé Lawson ì bá ti dúró? Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò dáhùn. Bí ọ̀gá bá ń yin ọmọ iṣẹ́ tó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, mo máa ń wo ojú ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, n kì í wo ti ẹni tó ń dáhùn.

Ní báyìí, níbo ni ìròyìn yìí ti ń wá? Jẹ́ n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Kì í ṣe ti Ààrẹ o, ìpínlẹ̀ kan báyìí ni, gómìnà àti kọmíṣọ́nnà rẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, mo ti tú bàtà. Fóònù mi dún. Ẹni tó ń bá kọmíṣọ́nnà yẹn ṣe iṣẹ́ agbẹnusọ ni. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé ìwẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ mi o." Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí gómìnà ò ti gbé ìpè ọ̀gá òun mọ́, pé fáìlì tí ọ̀gá òun fi ránṣẹ́ padà wá láìní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí, wọn ò fọwọ́ sí i, wọn ò kọ̀ ọ́. Mo lo ọjọ́ méjì láti wá ẹlòmíì tó mọ̀ sí i, mo rí ẹni méjì tí wọn ò mọ̀ pé mo bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sọ. A tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí n tó débi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìwé ti dé orí tábìlì mi: irọ́ tó jìnnà sí òótọ́ bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ayé, iṣẹ́ àwọn ọmọ aráyé, kọmíṣọ́nnà àti gómìnà ń ṣe dáadáa. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Orúkọ ẹni tó pè mí lálẹ́ ló wà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i gààrà.

Inú bí mi. Mo ti ń rò ohun tí màá sọ fún un. Tó di ọ̀sán, òun ló tún pè. Ohùn ti yọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Ó ti pè é."

Gómìnà ti pe kọmíṣọ́nnà. Ohun tó ń wá nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ìròyìn wa, bẹ́ẹ̀ sì ni sísẹ́ tó sẹ́ ẹ kò yà mí lẹ́nu mọ́ látọjọ́ yẹn. Ìròyìn aáwọ̀ kì í dúró síta aáwọ̀ kó máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Inú rẹ̀ ló wà, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń jà ni. Nígbà míì, àwọn tó wà lábẹ́ mínísítà ló máa gbé e jáde kí ọ̀gá àgbà lè rántí wọn. Nígbà míì, ẹni tó ń wo àga mínísítà lójú ni. Èyí tó sì ń pa èèyàn jù ni èyí tó bá ti ilé Ààrẹ fúnra rẹ̀ jáde, kí mínísítà lè kà á nínú ìwé ìròyìn, kójú tì í, kó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, kó má baà di pé wọ́n lé e.

Irú ẹ̀yà ìkẹyìn yìí ni mo ka ìròyìn ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2017 sí. Ìwé ìròyìn New York Times ló gbé e, pé wọ́n ti ń ṣètò ní White House, ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, láti fi Mike Pompeo, olórí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA, rọ́pò Tillerson. Wọ́n bi Trump lọ́jọ́ náà pé ṣé ó ṣì fẹ́ kí Tillerson wà lẹ́nu iṣẹ́. Èsì rẹ̀? "Rex wà níbí." Ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi í. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ sórí Twitter pé irọ́ ni, Tillerson ò lọ síbì kankan, pé òótọ́ ni pé èrò àwọn ò ṣọ̀kan lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan, òun lòun sì ń sọ èyí tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mú bébà rẹ méjèèjì wá. Nínú gbólóhùn tó fi sẹ́ aáwọ̀ ló ti jẹ́wọ́ aáwọ̀. Tillerson ní tirẹ̀ ní ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa òun.

Oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ lẹ́yìn náà ni Trump kéde pé Pompeo ló máa gba àga náà. Àmọ́ n ò ní kí o máa forí balẹ̀ fún New York Times o. Ìròyìn kan náà ní Sẹ́nétọ̀ Tom Cotton ló máa lọ sí CIA dípò Pompeo. Gina Haspel ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún wọn sọ ohun tí wọ́n ń rò lọ́jọ́ tó sọ ọ́, èrò sì máa ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má máa béèrè bóyá ìròyìn jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ bí ẹni ń ju kọ́bọ̀ sókè. Apá kan á gún, apá kan á wọ́.

Ṣé o ní báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀? Fi fọ́tò sílẹ̀. Ẹ̀rín inú fọ́tò kò náni ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ni kó o wò: bí mínísítà bá sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba, ṣé ọ̀rọ̀ náà máa ń dúró?

Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2017: Sáúdí Arábíà àtàwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ti ẹnubodè mọ́ Qatar. Tillerson bọ́ síta, ó ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kò pé wákàtí méjì tí Trump bọ́ sínú ọgbà White House, tó ní Qatar ti ń fowó ran àwọn apániláyà lọ́wọ́ ọjọ́ ti pẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án: Tillerson wà ní Beijing, ó ní àwọn ní ọ̀nà tí àwọn fi ń bá Àríwá Kòríà sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Trump kọ ọ́ sórí Twitter pé òun ti sọ fún Rex pé àkókò rẹ̀ ló ń fi ṣòfò, kó tọ́jú agbára rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń sọ fáráyé pé kí wọ́n má dá a lóhùn. Ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá: Laura Ingraham ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox bi Trump nípa àwọn àga tó ṣófo ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ó ní òun nìkan lòun já mọ́ nǹkan níbẹ̀.

Kò sí ìkankan nínú èyí tó jẹ́ àhesọ. Ojú gbogbo ayé ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá to ọjọ́ mẹ́ta yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ò nílò ẹni kẹ́ni tó máa pè é láago mọ́kànlá alẹ́. Kódà Sẹ́nétọ̀ Bob Corker, ọmọ ẹgbẹ́ Trump, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ òkèèrè nílé aṣòfin àgbà, sọ ọ́ ní oṣù kẹwàá pé Ààrẹ ò lè máa tẹ mínísítà ara rẹ̀ lọ́dàá ní gbangba. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ní oníròyìn ló ń purọ́ ò jẹ̀bi tán, torí irọ́ pọ́ńbélé wà. Ìwọ náà á rántí oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí WhatsApp gbóná pé Buhari fẹ́ fi mínísítà rẹ̀, Sadiya Umar Farouq, ṣaya. Wọ́n dá ọjọ́ sí i, Fráídè, 11 oṣù náà. Ọjọ́ pé, kò sí ìyàwó, kò sí ọkọ ìyàwó. Tọ ipasẹ̀ ìròyìn yẹn lọ, wàá rìn títí, o ò ní bá ẹnì kan nídìí rẹ̀ tó máa ní "èmi ni mo kọ ọ́." Ti NBC, orúkọ Carol Lee àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lókè rẹ̀ gbagada. Bó bá yẹ̀, wọ́n mọ ilé ẹni tí wọ́n máa lọ kanlẹ̀kùn. Mo máa ń wo ìyẹn kí n tó ka ìlà àkọ́kọ́.

Ó ku ti ọ̀gá tí kò lé ẹni tí wọn ò jọ rẹ́. Èyí rọrùn fún awakọ̀ láti ní òye rẹ̀: o ò lè já èrò sílẹ̀ lórí afárá. Lílé mínísítà máa ń náni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ tún lọ jókòó níwájú àwọn aṣòfin àgbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé bí o bá lé ẹni tí o fúnra rẹ yàn láìtíì pé ọdún kan, ara rẹ lo ń pè ní ẹni tí kò mọ èèyàn yàn. Ní tiwa níbí, abala 147 ìwé òfin ọdún 1999 ní Ààrẹ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán mínísítà kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ bíbí ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì! Tóò, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ẹni tí ọkàn Ààrẹ yàn, àwọn tí gómìnà àti ẹgbẹ́ òṣèlú kó wá fún un ni. Bó bá lé ọ̀kan, ìpínlẹ̀ kan á ní wọ́n gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu àwọn. Ó máa ń rọrùn láti fi mínísítà sórí àga, kí wọ́n sì kó iṣẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ní London, Tony Blair, olórí ìjọba, àti Gordon Brown fi ọdún mẹ́wàá gbáko ṣe é. Láti 1997 ni Brown ti jẹ́ mínísítà ìṣúná, ilé kẹwàá àti ilé kọkànlá ní Downing Street, ògiri kan ló là wọ́n. Gbọ́nmi-si-i-omi-ò-tó-o wọn di ohun tí ìwé ìròyìn ń fi àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn dápàárá. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní irọ́ ni. Blair ò lè lé e, torí ìdajì ẹgbẹ́ òṣèlú wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Brown ò sì lè lọ, torí àga tó ń wò ló wà nílé kejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ̀wé sí Blair pé kó máa lọ, ó sì kéde pé òun á lọ kí ọdún kan tó pé. Brown gorí àga ní 27 oṣù kẹfà ọdún 2007. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Blair kọ ìwé ìrántí ayé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́wàá pè ní irọ́.

Nílé, èyí tí mo máa ń rántí ni ti Ngozi Okonjo-Iweala, tí ń bẹ nípò mínísítà ìṣúná lábẹ́ Obasanjo láti 2003. Òun ló ṣíwájú nígbà tí Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, fagi lé gbèsè bílíọ̀nù 18 dọ́là fún wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, wọ́n gbé e kúrò ní ìṣúná lọ sí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní oṣù kẹjọ, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní London nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí olórí ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Ó kọ̀wé, ó lọ. Ẹni tó bá ń dúró kí wọ́n kéde ìjà fún òun ò rí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń tu ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyẹ́ kan lónìí, ìyẹ́ kan lọ́la.

Wá gbọ́ ti ọjọ́ Mọ́ńdè rẹ. Tillerson ń rìn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, 8 oṣù kẹta, ó wà ní Addis Ababa, ó ní ọ̀nà ṣì jìn kí Amẹ́ríkà àti Àríwá Kòríà tó jókòó sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Trump gbà pé òun á lọ pàdé Kim Jong Un, olórí Àríwá Kòríà. Tillerson dé Djibouti, ó ní ìpinnu Ààrẹ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó dé Nairobi. Lóru Fráídè mọ́jú Sátidé, John Kelly, ọ̀gá òṣìṣẹ́ White House, pè é láti Washington. Ohun tí Kelly sọ gan-an tún di awuyewuye: àwọn ará White House ní ó sọ fún un pé Ààrẹ fẹ́ kó máa lọ, àwọn èèyàn Tillerson ní ohun tó sọ ò ju pé kó máa bọ̀ nílé, kó sì máa retí pé Trump lè kọ nǹkan kan sórí Twitter. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá, wọ́n fagi lé gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ọkùnrin tó há ọ mọ́ títì ti mú ọ̀rọ̀ yẹn sínú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó rí Buhari, ó dúró pẹ̀lú Geoffrey Onyeama, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wa nígbà náà, níwájú oníròyìn, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọbìnrin 110 tí wọ́n jí gbé ní Dapchi lọ́jọ́ 19 oṣù kejì. Àbújá ló yẹ kó sùn. Kò sùn ún. Ó wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì balẹ̀ nítòsí Washington ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Ní aago 8:44 àárọ̀, Trump kọ ọ́ sórí Twitter pé Pompeo ni mínísítà tuntun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rex. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kó tó pè é lórí fóònù. Steve Goldstein, ọ̀kan lára àwọn igbákejì ní iléeṣẹ́ náà, gbé ìwé jáde pé Tillerson ò tíì bá Ààrẹ sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tó ṣẹ̀, ó sì wù ú kó dúró. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ìwé tó ṣe tààrà jù nìyẹn lójú mi. Wọ́n lé Goldstein náà lọ́jọ́ kan náà.

Trump wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun àti Rex ti ń sọ ọ́, pé èrò àwọn ò jọra lórí àdéhùn tí wọ́n bá Iran ṣe lórí ọ̀rọ̀ núkílíà. Irọ́ ọdún tó kọjá ti di àlàyé ọdún yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni o, mínísítà ṣì ni nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá níwájú rẹ. Lórí ìwé, ó wà níbẹ̀ títí di 31 oṣù kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fa iṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀, John Sullivan, lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Aago 8:44 àárọ̀ ní Washington jẹ́ aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ọ̀sán ní Àbújá. Bó bá jẹ́ pé rédíò ọkọ̀ rẹ wà ní títàn lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè yẹn, òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ gbọ́ ọ.